Alhaja Wa ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ kú iṣẹ́. A ò ní àlejò lónìí, èmi nìkan ni. Alhaja wa tó papòdà ní Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́, nítorí náà kí àwa tí a wà ní Ìlú Ọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti sin ín. Orí fóònù ni mo ti wo àdúà fídáù ọjọ́ kẹjọ.

Ààfáà ka oore rẹ̀ jọ: kànga-dẹ̀rọ tó gbẹ́ fún àdúgbò, àwọn opó tó ràn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ obìnrin tó darí. Àmọ́ iṣẹ́ tó kọ́ gan-an, gbólóhùn kan péré ló fi kọjá lórí ẹ̀. N kò bá a wí. Ta ló máa dìde láàárín èrò kó ní òun ni Alhaja bá tún ilé òun ṣe? Ìlú Ọba níbí ló ti kọ́ ọ, kó tó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé: kí ó máa jókòó ti ìdílé tí nǹkan bá dàrú láàárín wọn.

Ẹ mọ bí a ṣe ń parí ìjà nílé wa. Àwọn àgbà á péjọ, wọn á ní kí ìyàwó kúnlẹ̀, wọn á ní kí ọkọ fọwọ́ wọ́nú, wọn á wúre, ó parí. Kí wọ́n tó fọ abọ́ tí àwọn àgbà fi jẹun tán, ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀. Alhaja kì í parí ìjà. Ìbéèrè ló máa ń bi yín. Ta ni kò sí níbí? Ta ló kọ́kọ́ kíyè sí i? Tí ọmọ yìí bá sàn lọ́la, kí ni ẹ̀yin méjèèjì á wá máa bá ara yín sọ? Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo ti rí ọkùnrin ńlá tó dákẹ́ lórí ẹ̀.

Mo wà nílé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti London. Ẹ mọ àṣà náà dáadáa: ọmọ ń bá ẹgbẹ́ kẹ́gbẹ́ rìn, a ní ká lọ ṣọdún, a dé ilé, a gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Alhaja tẹ́ bébà sílẹ̀, ó ń ya ìdílé wa: onígun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, àmì ìfagilé sára ẹni tó ti kú, ìlà wọ́gọwọ̀gọ láàárín àwọn tó ń bínú síra wọn. (Bébà kan kì í tó ilé Yorùbá o. Ẹni tó dá ọgbọ́n yìí kò wọ ilé olóbìnrin mẹ́ta rí. Gọ́ọ̀mù ni Alhaja fi ń lẹ bébà mọ́ bébà.) Ó na báírò sí ọmọ náà. Gbogbo wa ń retí pé á fa ìlà náà láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Àárín bàbá rẹ̀ àti ìyá-ìyá, ìyẹn ìyá tó bí bàbá rẹ̀, ló fà á sí.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí WhatsApp, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ọmọ òun lòun ní kí Alhaja bá òun bá wí, òun ò ní kó tú òun wò. Alhaja ní, "Bàbá ọmọ, mo gbọ́ yín. Ṣé kí n gbé fóònù fún Màmá?" Màmá wà ní yàrá kejì. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kì í ṣe tèmi láti sọ. Bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ló wá mú un padà.

Ohun tó máa ń dun Alhaja ni kí èèyàn pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ òyìnbó. Á ní ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ní Àró, l'Abẹ́òkúta. Láti 1954 ló ti ní kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ náà sì kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ lòun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Títí dòní, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń bẹ, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ń bẹ, oníkálukú ló sì ní ọba tirẹ̀. Ọmọ apá kan ni bàbá Alhaja, ọmọ apá kejì ni ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí òun tó mọ̀wé kà.

Kì í gba ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú. Èmi tí mo fẹ́ràn obòkún, ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ń gbé agbọ̀n padà.

Ẹgbẹ́ wa níbí fẹ́ ra òkúta mábù, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Èmi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ń kọ́ olùkọ́ ní LASUED, yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà ní Noforija, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi owó mábù rán ẹni mélòó kan nínú wọn lọ kọ́ iṣẹ́ Alhaja, torí iwájú olùkọ́ ni ọmọ tí ilé rẹ̀ ń dàrú máa ń kọ́kọ́ dé. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ wá. Mo ti ń kọ ọ́. Bí ẹ bá ti jókòó níwájú rẹ̀ rí, ẹ má sọ ohun tó gbé yín débẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i.