Iná Tó Lọ Gbọ́dọ̀ Padà: Bí A Ṣe Lè Fi Bátìrì, Wáyà àti Gílóòbù Kọ́ Ọmọ Kékeré

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tó bá wa péjọ, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nípa iná, mi kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó. Màá fún ọmọ méjì-méjì ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, gílóòbù kékeré kan àti wáyà kan ṣoṣo tí mo ti bó lórí méjèèjì. Màá ní: "Ẹ jẹ́ kó tàn." Ó parí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi orí wáyà kan orí bátìrì, wọ́n á fi orí kejì kan ìdí gílóòbù, wọ́n á wá máa retí. Bí omi ṣe ń gba páìpù wọ inú garawa ni wọ́n rò pé iná ń ti inú bátìrì wọ inú gílóòbù. Ẹ má bá wọn wí. Gílóòbù tó rọ̀ láti àjà ilé wọn, okùn kan ṣoṣo ni ojú wọn ń rí lára rẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé ó kéré tán, wáyà méjì ló sá pamọ́ sínú awọ ike kan náà?

Tó bá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnì kan á gbé ìdí gílóòbù lé orí bátìrì gan-an, á fi wáyà so ìdí bátìrì mọ́ irin ọrùn gílóòbù. "Àǹtí, ó ti tàn!" Gbogbo kíláàsì á ru gùdù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba igbe yẹn lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ tó bá ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó kí ọmọ tó fọwọ́ kan bátìrì ti gbà á.

Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n wo gílóòbù náà dáadáa. Ibi méjì ni iná ń gbà wọ̀ ọ́, tó sì ń gbà jáde: ṣóńṣó ìdí rẹ̀, àti irin tó yí ọrùn rẹ̀ ká. Nínú gíláàsì, fọ́nrán tó tín-ín-rín bí irun ló so méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí i mọ ìdí tí wáyà kan sí ibì kan kò fi lè tan iná láéláé.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń kó wọn jáde sí pápá. Àwọn ọmọ wa mọ eré Ẹkùn mẹ́ran: wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú yípo, ẹran á wà láàárín, ẹkùn á máa rìn yí agbo ká. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ti jọ̀wọ́ ọwọ́, agbo ti já nìyẹn. Agbo ni ọ̀nà iná náà. Ibi yòówù kó ti já, gbogbo rẹ̀ ló dúró. Súwíìṣì ara ògiri kò ju ọmọ kan tó ń jọ̀wọ́ ọwọ́, tó tún ń dì í mú.

Màá wá fi okùn gígùn kan, tí mo so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, rọ́pò ọwọ́ wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rọra dì í mú, kó má fún un. Ọmọ kan ni bátìrì: òun ló ń fa okùn náà lọ láìdúró. Ọmọ kan lódìkejì ni gílóòbù: òun nìkan ló ń fún ọwọ́ mọ́ okùn. Ẹ bi ọmọ gílóòbù yìí pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. "Ọwọ́ mi ń gbóná, Àǹtí." Ẹ wo iye ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìdáhùn yẹn! Okùn kò dín: iye tó wọ ọwọ́ rẹ̀ ló jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ ọmọ tó ń fa okùn. Bátìrì náà nìyẹn. Ohun tó ń sáré nínú wáyà kì í tán, agbára tí bátìrì fi ń tì í ló ń tán. Gbogbo okùn ló sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn kété tí a bá tẹ súwíìṣì. Mo ti fi omi ṣe àpèjúwe, mo ti fi ọkọ̀ ojú títì ṣe é, kò sí èyí tó tó okùn yìí.

Ó kan ohun tí iná ń gbà kọjá àti ohun tó ń dí i lọ́nà. Stephen Gray, aláró ni ní ìlú Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1729, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń wá bí iná tó máa ń rí tó bá fọwọ́ ra ọ̀pá gíláàsì ṣe lè gba ara okùn lọ sọ́nà jíjìn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Granville Wheler, ta okùn náà, wọ́n fi fọ́nrán ṣẹ́dà gbé e rọ̀. Iná lọ dáadáa. Àfi bí ṣẹ́dà ṣe já. Wọ́n rò pé tín-ín-rín tí ṣẹ́dà tín-ín-rín ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́, wọ́n bá fi wáyà idẹ tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀. Iná ò dé òpin okùn mọ́, ó ti gba ara idẹ sá lọ. Ìgbà náà ló hàn sí wọn pé ohun tí a fi ṣe nǹkan ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó.

Kí ọmọ tiwa náà rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ já ọ̀nà iná síbì kan, kí wọ́n máa fi nǹkan dí àlàfo rẹ̀: ṣíbí irin, ṣíbí ike, kọ́kọ́rọ́, ọ̀rá, èèpo igi. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀ kí wọ́n tó dán an wò. Mo máa ń fi owó ẹyọ àti kọ́bọ̀ sí i: owó ni méjèèjì, ọ̀kan ló ń tan iná. Lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsùlù máa ń yà wọ́n lẹ́nu, nítorí kì í ṣe irin, síbẹ̀ iná ń gbà á kọjá. Nígbà kan, ìṣó tó ti dógùn-ún kò tan gílóòbù, àwọn ọmọ sì ti fẹ́ kọ ọ́ pé irin kì í gba iná. Ọmọkùnrin kan mú un lọ sí ìta, ó fi òkúta ha á títí ó fi ń dán, ó gbé e padà wá. Gílóòbù tàn. Mi ò kọ́ ọ.

Ní ti wáyà, fàdákà ni iná ń rọrùn gbà kọjá jù, bàbà tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí, owó rẹ̀ sì kéré sí ti fàdákà gan-an. Ìdí tí bàbà fi wà nínú wáyà ilé wa nìyẹn.

Gílóòbù kékeré ti ń ṣọ̀wọ́n báyìí, LED, iná kékeré ìgbàlódé tó ní ẹsẹ̀ méjì, ló kún inú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ rántí pé bátìrì kan, fóòtì 1.5 ni (fóòtì la fi ń wọn bí bátìrì ṣe ń ti iná tó), LED funfun sì ń fẹ́ bíi 3, nítorí náà ẹ to méjì tẹ̀lé ara wọn. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ni kó lọ sí apá orí bátìrì. Bí wọ́n bá yí i sódì, kò ní tàn, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ má fi wáyà so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ tààrà láìsí gílóòbù láàárín, á gbóná débi pé á jó ọmọ lọ́wọ́. Ẹ má lo bátìrì fóònù rárá. Ẹ sì jẹ́ kó yé wọn yékéyéké pé bátìrì fóòtì 1.5 nìkan ni a fi ń ṣeré. Ti ara ògiri tó 230, ó sì ń pa èèyàn. Omi tó ní iyọ̀ ń gba iná kọjá, òógùn ara wa sì ní iyọ̀: kí ọmọ tọ́wọ́ rẹ̀ tutù má sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ìjì bá já wáyà òpó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kó jìnnà sí i, kó sáré lọ pe àgbàlagbà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo máa ń fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ọmọ bẹ ẹnì kan nílé pé kó bá òun tú tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì, kó sì fi ìka tọ ọ̀nà iná: láti orí bátìrì bọ́ sí gílóòbù, sí irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, sí súwíìṣì, sí sípíríǹgì ìdí, títí ìka yẹn á fi padà dé ibi tó ti gbéra.