Àáró Ni Ká Fi Rán Ọmọ Tí Ogun Lé Wá Lọ sí Yunifásítì

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé wa ní Abẹ́òkúta nìyí. Mo gé díẹ̀ kúrò, àmọ́ mo fi ìbéèrè tó yí gbogbo rẹ̀ padà sílẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ bí ará àdúgbò ṣe lè gbé ọmọ ogúnléndé dé ọjọ́ ìgboyè. Abẹ́ Olúmọ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débí, ogun ló lé wọn. Àwọn Òwu tí ogun tú ìlú wọn ká tún wá bá wọn. Ẹni tó bá ń béèrè pé kí ló kan Ẹ̀gbá nínú ọ̀rọ̀ ogúnléndé, kó lọ béèrè ìtàn ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ó bá ara rẹ̀ ní Freetown ní Sierra Leone, àwọn tí kò bá a tan ló rán an níwèé. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay níbẹ̀ ní 1827. Abẹ́òkúta níbí ló ti fojú kan ìyá rẹ̀ padà ní 1846.

Ìtàn Lísàbí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, n ò ní tún un sọ. Àáró inú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká mú: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, kò sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní olóore. Inú ń bí mi sí àwọn tó máa ń san owó ọdún kìíní fọ́mọ, tí wọ́n á bá a ya fọ́tò, tí wọ́n á sì wábi gbà. Ọmọ tó bá pa ilé-ìwé tì lọ́dún kejì, ta ló ràn án lọ́wọ́?

Ní Kánádà, àjọ World University Service of Canada ti ń ṣe irú àáró yìí fún àwọn ogúnléndé láti 1978. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san owó táṣẹ́rẹ́ mọ́ owó ilé-ìwé wọn, ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan á lọ pàdé ogúnléndé náà ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á bá a ra aṣọ òtútù, wọ́n á bá a ṣí àkáǹtì. Ó ju 2,000 ọmọ lọ tó ti gba ọ̀nà yìí wọlé.

Nílé wa ńkọ́? Àgọ́ ogúnléndé Òru, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, tí àwọn ará Làìbéríà gbé láti 1990 títí wọ́n fi tì í ní 2007, kò jìnnà sí yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ẹnu ọ̀nà yunifásítì lèèyàn lè máa gbé kó má rí i wọ̀. Ká ní ọmọ Kamẹrúùnù kan tí ogun lé wá sí Ọ̀gọjà rí ààyè ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí. Fọ́ọ̀mù béèrè ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kò ní. Ó béèrè nọ́ńbà bàbá, bàbá ti kú. Ó dé àdúgbò Ọ̀bàntòkó láti gba yàrá, onílé ní kó mú onídùúró wá. Owó kọ́ ló dá a dúró níbẹ̀, ẹni tó máa buwọ́ lùwé ni. Nítorí náà, kẹ́nì kan jẹ́ onídùúró, kẹ́nì kan máa bójú tó owó ilé-ìwé, kẹ́nì kan máa pè é lálaalẹ́ Sunday, kí ìyá kan sì wà ní ọjà Kútọ̀ tó lè ta gààrí fún un láwìn nígbà tówó bá pẹ́.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ní 2019, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé ní ìdá 3 péré nínú 100 wọn ló dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìdá 15 ni wọ́n ń lé tó bá fi máa di 2030. Kí owó ọdún gbogbo ti wà nílẹ̀ kọ́mọ tó wọlé. Kí a má gbé àwòrán rẹ̀ síta.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́, fi dìde lẹ́yìn. Ó ní: "Ẹ má bínú sà, tí a bá dáwó pé kó ka nọ́ọ̀sì, tó wá ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wu òun, ọ̀rọ̀ ta la máa tẹ̀ lé?" Bàbá kan dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó sanwó ni. Ariwo sọ. Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé, ìbéèrè yẹn ni mo fi gbogbo àkókò tó kù dáhùn.

Mo ní: bàbá, àwọn tó wá bá yín ṣe àáró, ṣé àwọn ló ń yan ohun tí ẹ máa gbìn? Ọmọ yìí ti sá fún ìbọn, kò yẹ kó tún máa sá fún àwa. Kó máa jókòó sípàdé, kó mọ iye tó wà nílẹ̀. Bó bá fẹ́ yí ẹ̀kọ́ padà, ká sọ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́ pé iye báyìí ni yóò fi kún un, iye báyìí la lè rí. Tiwa ni ọ̀rọ̀ owó, tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Kò sì sídìí tí a ó fi máa ní kó dìde ní gbogbo òde kó máa dúpẹ́.

Bàbá yẹn ò gbà. Ó ní tó bá wá kùnà ìdánwò ńkọ́? Mo ní àwọn ọmọ tiwa náà ń tún kọ́ọ̀sì ṣe, a ò lé wọn nílé. Ká ti ka ọdún kan mọ́ ètò owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ká lọ ṣèṣirò rẹ̀ wá. Alága ní kí ọmọbìnrin náà wà lára àwọn tí yóò kọ òfin ẹgbẹ́, kó sì fi ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ ṣe ìlà àkọ́kọ́.