Wáàsí Jímọ̀: Ọ̀nà Ìgbọ̀nwọ́ Méje

As-salāmu ‘alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí n sọ tara mi. Ní Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo pẹ́ dé mọ́sálásí. Lémọ́mù ti gun mínbárì, mọ́tò ti kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì, mo bá ti imú mọ́tò tèmi bọ iwájú géètì ilé kan. Mo ní ráká méjì náà ni, ta ló fẹ́ jáde lọ́sàn-án gangan? Nígbà tí mo máa padà dé, ìyá àgbà kan ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé ẹrù ọjà wọn wà nínú ọgbà, kò rí ibi gbà jáde. Màmá ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Alfa, kí Ọlọ́hun gba ìrun yín o." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni wọ́n ṣe fún mi tàbí ẹjọ́ mi ni wọ́n rò fún Ọlọ́hun.

Ìtìjú yẹn ṣì wà lójú mi nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá àwọn kan parí ìjà mọ́tò lápá Ọ̀ta-Ẹ̀fun, ní Òṣogbo, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ilé méjì ni, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ inú méjèèjì. Ilé Alhaji wà níwájú, ti Bàbá Ìbejì wà lẹ́yìn. Àwọn bàbá wọn ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, ṣáájú 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí Òṣogbo di olú-ìlú tí ilẹ̀ sì di wúrà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀kan nínú wọn ní, ẹsẹ̀ ni èkejì fi ń rìn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ara wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣáà lè gbé òkú gbà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro ti mọ́tò.

Ní báyìí, Alhaji ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù kún iwájú ilé tiwọn, inú ọ̀nà ni Sienna wọn wá ń sùn. Bàbá Ìbejì ń fi Corolla ṣiṣẹ́ jẹun, aago márùn-ún ààbọ̀ ló máa ń jáde. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, ó tẹ họ́ọ̀nù. Ọmọ Alhaji yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá ń kírun." Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tún yọjú: "Àsùbáà ò tíì wọlé, náfílà ni wọ́n ń kí." Ẹ̀yin ará, náfílà! Ẹni tó há ọmọnìkejì rẹ̀ mọ́lé, tó wá ń fi iwájú kanlẹ̀ lórí ohun tí wọn ò ṣe ní dandan fún un. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín? Èmi náà ti ṣe é rí níwájú géètì Màmá.

Nígbà tí a jókòó, ìwé ló kọ́kọ́ jáde. Alhaji yọ sọ́fè nínú ọ̀rá, wọ́n fi ìka tọ ìlà pupa: "Alfa, ẹ wò ó, bíkọ̀nù rè é, òpó ààlà. Inú tèmi ni ọ̀nà wà." Bàbá Ìbejì náà mú rìsíìtì bàbá rẹ̀ wá, ìwé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, àtẹ̀ka olórí ẹbí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ "pẹ̀lú ọ̀nà àbáwọlé" sí i. Mo ka méjèèjì. Kò sí èyí tó parọ́. Ìlà tí sọ́fíyọ̀ fà kò sọ pé kí ọmọ èèyàn máa fò gba orí ògiri wọlé, rìsíìtì náà kò sì sọ pé Alhaji ò ní ilẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ náà ni lọ́yà ti ń rí owó jẹ.

Mo ka hádíìsì Umm Salamah, ìyàwó Ànábì, tí Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà wá, fún wọn. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé ènìyàn ni òun. Ẹ ń gbé ẹjọ́ wá bá òun, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan yín mú ju ti ẹnìkejì lọ, kí òun wá dájọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí òun ṣe gbọ́. Ẹni tí òun bá fi bẹ́ẹ̀ dá ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ fún, kó má gbà á, nítorí iná ni òun bù fún un. Ẹjọ́ tí Ànábì fúnra rẹ̀ dá ni à ń sọ yìí o. Adájọ́ kọ́ọ̀tù wa ńkọ́? Kódà ìwé C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba, tí a fi ń yangàn, ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Alhaji ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Hádíìsì tí Jíbúrílù fi ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò títí Ànábì fi rò pé yóò fún un ní ogún, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí, n kò ní tún un sọ. Èyí tí a kì í sábà gbọ́ ni ti Abū Hurayrah, sàábé Ànábì, tí Bukhari àti Muslim náà gbà wá: bí àríyànjiyàn bá wà lórí ọ̀nà, kí a fi ìbú rẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ méje. Bàbá Ìbejì ní, "Alfa, ṣé ó wà nínú hádíìsì lóòótọ́?" Ó wà. Ìgbọ̀nwọ́ kan, láti igun apá dé orí ìka àárín, tó íǹṣì 18. Méje rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ààbọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ mú téèpù wá.

Níwájú, ọ̀nà náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11. A wọn Sienna: mẹ́fà ààbọ̀. Ó ku mẹ́rin ààbọ̀, Corolla sì fẹ́ẹ̀ tó mẹ́fà. Alhaji dákẹ́. A wá rìn dé ẹ̀yìn, téèpù sọ pé 8 péré. Kí ló jẹ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta? Ọwọ̀n táǹkì omi Bàbá Ìbejì ni! Ẹni tó ń ké pé wọ́n dí òun lọ́nà ti fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì dí tirẹ̀ tipẹ́. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ Alhaji fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wò ó.

Àwọn onímọ̀ fiqhi, òfin ẹ̀sìn, ti sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀nà báyìí, èyí tí kò já síbìkan. Àwọn tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sí i ló ni ín lápapọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tuntun kalẹ̀ níbẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda àwọn tó kù. Sienna tó ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́, nǹkan tuntun ni. Ọwọ̀n táǹkì náà, nǹkan tuntun ni. Ànábì tiẹ̀ sọ pé kí aládùúgbò má ṣe kọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ láti fi igi kọ́ ògiri òun. Ògiri tìrẹ gan-an nìyẹn o, ká má tíì sọ ọ̀nà tí ẹ jọ ni.

Alhaji béèrè ọ̀rọ̀ Sa‘īd ibn Zayd lọ́wọ́ mi, torí wọ́n ti gbọ́ ọ rí nínú tàfúsíà. Ọ̀kan nínú àwọn sàábé mẹ́wàá tí wọ́n fún ní ìró àlùjánnà ni. Obìnrin kan, Arwā, gbé e lọ sọ́dọ̀ Marwān, gómìnà Mẹ̀dínà, pé ó gba lára ilẹ̀ òun. Sa‘īd ní báwo lòun ṣe máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí òun ti gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tó mọ ní ìwọ̀n ìnà ọwọ́ kan, láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré, ilẹ̀ méje ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn? Ó wá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ó sì tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun pé bí obìnrin náà bá parọ́, kí ojú rẹ̀ fọ́, kó sì kú sórí ilẹ̀ náà. Ojú obìnrin náà fọ́. Ibi tó ti ń rìn lórí ilẹ̀ ọ̀hún ló já sí kòtò, ó sì kú. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún aládùúgbò yín lálẹ́ Jímọ̀. Sa‘īd kọ́kọ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ ná. Ẹ̀yin ńkọ́?)

Ohun tí a fẹnu kò sí ò le. Àyè wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé Bàbá Ìbejì, ibẹ̀ ni Sienna ń sùn báyìí. Corolla ló máa ń wọlé kẹ́yìn, torí òun ló ń kọ́kọ́ jáde. Bí Alhaji bá ní ìrìn òru, Ìyá Ìbejì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ Corolla wà. Ọwọ̀n táǹkì ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní òun ń wá owó bíríkìlà. Màá tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lónìí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí Jímọ̀. Màmá wà níwájú géètì wọn, wọ́n ń yan gààrí nínú agbada. Mo kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo títì, wọ́n ní, "Alfa, mọ́tò ńkọ́?"