Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Oògùn Ìrora àti Ọtí Kò Gbọdọ̀ Pàdé

Asalaamu alaykum, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ní kọ̀rọ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni tí dókítà kọ oògùn ìrora fún, tó tún ń fi ọtí lé e.

Pé ọtí jẹ́ haraamu, ta ni kò mọ̀? Súúrà Al-Máídà, aaya 90, ti parí ìyẹn. Síbẹ̀ àwọn kan á ní àwọn kò mu ún fún fàájì, ìrora làwọn fi ń pa. Táríq ọmọ Suwayd gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá bá Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní torí oògùn lòun ṣe ń ṣe ọtí. Ànábì ní kì í ṣe oògùn, àìsàn ni. Imaamu Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hadiisi jọ, ló gba hadiisi náà wá.

Ẹ wo bí àìsàn ọ̀hún ṣe ń ṣọṣẹ́. Oògùn ìrora tó lágbára, bíi Tramadol, Codeine àti Morphine, máa ń dẹ ọwọ́ ibi tó ń darí mímí nínú ọpọlọ. Ohun tí ọtí náà ń ṣe nìyẹn. Bí méjèèjì bá pàdé, onítọ̀hún á sùn lọ fọnfọn, á máa hanrun bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ètè rẹ̀ á ṣú, èémí rẹ̀ á máa jìnnà síra. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ ni." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà lọ. Àwọn oògùn tí a fojú kéré náà kò yọ sílẹ̀: Ibuprofen, Diclofenac àti Aspirin pẹ̀lú ọtí lè dá ọgbẹ́ sínú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun, Paracetamol sì lè ba ẹ̀dọ̀ ẹni tí ń mutí gan-an jẹ́.

Má sì sọ pé àárọ̀ lo lo oògùn, alẹ́ lo mutí. Oògùn mìíràn wà tí wọ́n ṣe kó máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12 tàbí 24.

Ìtìjú ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mùsùlùmí tó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀, bí dókítà bá bi í, á ní, "Èmi kẹ̀? Láéláé!" Dókítà á gbà á gbọ́, á sì kọ oògùn tó lè gbẹ̀mí rẹ̀ fún un. Lóòótọ́, Ànábì kọ̀ fún wa láti máa kéde ẹ̀ṣẹ̀ wa kiri. Ṣùgbọ́n èyí tí o sọ fún oníṣègùn kó lè tọ́jú rẹ kì í ṣe ìkéde ẹ̀ṣẹ̀. Sọ bó ṣe pọ̀ tó, sọ ìgbà tó o mu kẹ́yìn. Bó bá ti di bárakú, jẹ́ kó ràn ọ́ lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀, torí kí ọ̀mùtí paraku ṣàdédé dá a dúró lè mú gìrì wá.

Ẹ̀yin ará ilé ńkọ́? Al-Máídà, aaya 32, ní ẹni tó gba ẹ̀mí kan là dà bí ẹni tó gba gbogbo ènìyàn là. Bí ẹ bá pè é, tí ẹ gbọ̀n ọ́n, tí kò dáhùn, ẹ ké sí àwọn oníṣègùn pàjáwìrì kíákíá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Oògùn kan wà, Naloxone, tó ń ká agbára Morphine àti irú rẹ̀ kúrò lára, àmọ́ kò ran ọtí. Nítorí náà, ẹ sọ gbogbo ohun tó mu fún wọn, ọtí àti oògùn, láìfi ọ̀kan pamọ́ nítorí ojú ayé.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ẹni tó wà nínú ìrora ní àlàáfíà. Jímọ̀ Mùbáárák.