Kí Lo Fẹ́ Fún Un?

Àsàláàmù àlékúmù, ẹ kú Jímọ̀ o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti gbogbo Sàhábà. Ohun tí mo fojú mi rí lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò tíì kúrò lọ́kàn mi, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èmi náà mú àkọ́bí mi obìnrin lọ bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá kan wà níwájú wa lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ náà ò lè ju ọdún mẹ́ta lọ. Ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ gùn débi pé wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́sẹ̀. Ó di híjáàbù ìyá rẹ̀ mú gírígírí. Ìyá ní, "Fi mí sílẹ̀ kí n lọ ra bisikíìtì wá fún ẹ, mò ń bọ̀ báyìí." Ọmọ tú ọwọ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá bọ́ sórí ọ̀kadà, ó lọ.

Mo dúró ti tèmi títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọmọ yẹn ò kúrò lẹ́nu géètì. Kò kọ́kọ́ sunkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ jáde láàárín irin, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Ìgbà tí àǹtí wá gbé e ló tó yé e pé bisikíìtì ò bọ̀ mọ́, ló bá figbe ta. Mo mọ igbe ọmọ tó ń bẹ̀rù ilé-ìwé, torí tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ké e tán ni. Igbe tiẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìyá mìíràn fún yín. Layla ọmọ Abi Hathma ni orúkọ rẹ̀, Aamir ọmọ Rabiah ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù ní Mẹ́kà. Nítorí ẹ̀sìn, wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Hàbáṣà, lẹ́yìn náà wọ́n tún ṣí lọ sí Mẹ̀dínà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó fi ẹ̀sìn ṣeré.

Lọ́jọ́ kan, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wá sílé wọn. Abdullah ọmọ wọn ṣì kéré, ó sì ti ń sáré jáde lọ ṣeré. Ìyá rẹ̀ pè é, ó ní, "Abdullah, máa bọ̀, kí n fún ẹ ní nǹkan." Ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ àlejò tó wà ní ìjókòó, tí ẹrù gbogbo ìjọ wà lọ́rùn rẹ̀, gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ. Ó bi í pé, "Kí lo fẹ́ fún un?" Ó ní, "Dàbínù ni mo fẹ́ fún un." Ànọ́bì ní, "Ká ní o ò fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní irọ́ kan sí ọ lọ́rùn." Ó wà nínú ìwé Abu Dawud àti ti Ahmad.

Ẹ wo ẹni tó sọ ọ́ fún wa: Abdullah fúnra rẹ̀ ni. Ọmọ tó ń sáré lọ ṣeré yẹn dàgbà, kò gbàgbé ohun tí ìyá rẹ̀ sọ, kò gbàgbé ìbéèrè tí Ànọ́bì bi í. Ọmọ tí ìwọ náà pa irọ́ bisikíìtì fún ti gbọ́ tìrẹ, ó sì máa ròyìn rẹ.

A ti sọ ọ́ di àṣà nínú ilé Mùsùlùmí. Ọmọ ń sunkún lóru, a ní sójà ń bọ̀. A fẹ́ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, a ní ilé màmá àgbà là ń lọ. Ẹni tá a jẹ lówó kan ilẹ̀kùn, a rán ọmọ pé kó lọ sọ pé dádì ò sí nílé, dádì sì rèé lórí àga! Tó bá wá pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó purọ́ owó, a yọ bẹ́líìtì, a ní níbo ló ti kọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun! Ànọ́bì sọ nínú Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé èèyàn á máa purọ́ títí wọn ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní òpùrọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣé ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé lórí ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti kọ orúkọ yín?

Mo mọ̀ pé ìyá yẹn kì í ṣe ìkà, ó ń sáré kó má pẹ́ níbi iṣẹ́ ni. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọmọ á na ọwọ́ kọjá lórí kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti dàgbà tó, kó tó wọlé; tí ò bá kan etí kejì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tí à ń mú lọ báyìí, ọwọ́ wọn ò tíì ká àárín orí. Wọn ò mọ aago. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni aago tí wọ́n ní.

Sọ fún un pé, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹun ọ̀sán tán, n óò wá mú ẹ." Á sunkún, jẹ́ kó sun ún. Kí ìwọ ṣáà dé nígbà tó o ní wàá dé.

Èmi náà jẹ̀bi lọ́jọ́ Wẹ́sídè. Mo sọ fún ọmọ mi pé tí agogo bá ti lù, á rí mi. Oníbàárà kan dá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù, mo pẹ́. Mo bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì lé itan, ó fọwọ́ dì í mú pinpin. Kò ké. Ó kàn ní, "Dádì, agogo ti lù." Mo lóṣòó níwájú rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá ní bàbá kì í bẹ ọmọ, kó lọ ka Súúrà Isra, áyà 34: a óò bi wá léèrè nípa àdéhùn.

Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa, kó fi òdodo sí wa lẹ́nu, àmín. Agogo méjìlá ni wọ́n ń jáde lónìí torí ìrun. Mo ti sọ fún un pé a jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ni. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá, mo ti ń ti ṣọ́ọ̀bù.