Atẹ Wo Ló Yẹ Eré Jaipur? Ìfiwéra Àwọn Atẹ Tí A Fi Ẹ̀rọ 3D Ṣe Nílé

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré orí tábìlì àti ẹ̀rọ 3D, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń to ike yíyọ́ ní ìpele-ìpele títí á fi di nǹkan, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Mo tún un kọ síbí fún àwọn tí ààyè ò gbà láti wá, mo sì fi díẹ̀ kún un nínú ìbéèrè tí àwọn èèyàn bi mí.

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ kú oòrùn, ẹ sì kú ìjókòó.

Mo rí i pé àwọn kan gbé Lúdò wá, àwọn kan mú Whot dání, ọpọ́n ayò sì wà lábẹ́ àga kan níbẹ̀ yẹn. Kò sí èyí tí n kò fẹ́ràn nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn eré wọ̀nyí kì í dààmú ẹni tó bá fẹ́ kó wọn pamọ́. Káàdì Whot 54, rọ́bà kan la ó fi dè é. Ọmọ ayò 48, àpò ṣòkòtò gbà á. Ọmọ Lúdò 16 pẹ̀lú dáìsì rẹ̀, ọ̀rá kékeré kan ti tó.

Jaipur kò rí bẹ́ẹ̀. Sébastien Pauchon, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 2009. Eré èèyàn méjì ni. Páálí rẹ̀ kò tóbi, ẹ lè tì í sínú báàgì kẹ́ ẹ gun ọ̀kadà láti Ọjà Ọba dé Ọ̀bà-Ilé. Ẹ̀yin méjèèjì á di oníṣòwò ní ìlú Jaipur ní Íńdíà: ẹ ó máa kó ọjà, ẹ ó máa fi ràkúnmí ṣe pàṣípààrọ̀, ẹ ó máa tà. Ẹni tó bá lówó jù nígbà tí abala kan bá parí á gba èdìdì kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ ní èdìdì méjì ló jẹ. Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an ni, ìdí nìyẹn tí atẹ, ohun oníhò tí à ń kó ẹrù rẹ̀ sí nínú páálí, fi jẹ mí lógún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú páálí náà. Káàdì 55 ló wà níbẹ̀: dáyámọ́ńdì 6, wúrà 6, fàdákà 6, aṣọ 8, èròjà ọbẹ̀ 8, awọ 10, ràkúnmí 11. Lẹ́yìn èyí ni tókìn 60, àwọn páálí róbótó tó dúró fún owó tí ẹ pa. Nínú 60 yìí, 38 jẹ́ ti ọjà, 18 jẹ́ ti ẹ̀bùn, ọ̀kan jẹ́ ti ràkúnmí, mẹ́ta yòókù sì ni èdìdì.

Tókìn ọjà ni kẹ́ ẹ fojú sí. Iye wọn kò dọ́gba. Aṣọ ní méje: 5, 3, 3, 2, 2, 1, 1. Awọ ní mẹ́sàn-án: 4, 3, 2, lẹ́yìn náà 1 mẹ́fà. Ẹni tó bá tètè tà ló ń mú èyí tó lówó lórí jù; ẹni tó bá pẹ́ á he èyí tó ṣẹ́kù. Gbogbo adùn eré náà wà níbẹ̀, torí ìyẹn ló ń mú kéèyàn máa ro ó pé kí n tà báyìí ni àbí kí n dúró kí ọjà mi pọ̀ sí i. Nítorí náà, kí abala kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ to tókìn ọjà kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó tóbi dé èyí tó kéré. Tókìn ẹ̀bùn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tókìn 7 ló wà fún ẹni tó ta káàdì mẹ́ta, 6 wà fún mẹ́rin, 5 wà fún márùn-ún sókè, ńṣe la sì ń da ti ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan rú, tí a ó dojú wọn délẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ iye tó máa kàn án.

Tókìn kan fẹ́ ètò, èkejì fẹ́ ìdàrú. Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ ká máa wọn gbogbo atẹ tí a bá tẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ẹwà, tàbí kí wọ́n ka iye ihò tó wà nínú atẹ. Èmi á kọ́kọ́ bi í pé: ǹjẹ́ ẹni tó ya àwòrán yìí mọ iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú eré? Ẹ lọ wo ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba. Kò ní da rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀ńbọ̀ sójú kan. Bí ẹ bá ṣe ń dárúkọ ọ̀kan lọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi tó wà. Bí atẹ ṣe yẹ kó máa ran ọwọ́ lọ́wọ́ nìyẹn.

Oríṣi atẹ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nílé, mo sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wá síbí. Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín, kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án.

Àkọ́kọ́ ni atẹ alódindi, tí a tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó kún inú páálí láti etí dé etí. Ojú rẹ̀ fani mọ́ra. Ihò rẹ̀ rí kòǹgbà-kòǹgbà bí abọ́, ọwọ́ á sì gbá tókìn jáde nínú rẹ̀ wẹ́rẹ́ nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní igun. Àṣìṣe tó máa ń wà nínú irú èyí wà lókè: àlàfo tó wà láàárín etí atẹ àti ìdérí páálí. Bí àlàfo yẹn bá fi ju bí tókìn kan ṣe nípọn lọ, tí báàgì sì dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kadà, gbogbo wúrà á bá awọ pàdé kẹ́ ẹ tó délé. Ẹ wọn inú páálí tòun ti ìdérí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí atẹ ga débi tí ìdérí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Atẹ alódindi tún ní ìṣòro kejì ní ìlú wa, ìyẹn iná. Iṣẹ́ wákàtí mélòó kan ni, bí iná bá sì lọ ní àárín, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní lè rántí ibi tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n ojú irin tí ike dúró lé á ti tutù, ike á ti ṣí kúrò lórí rẹ̀. Bí kò tiẹ̀ ṣí, ilà kan á hàn yíká ara atẹ níbi tí iṣẹ́ ti dúró. Ẹni tó ní ínfátà tó dúró ire lè máa tẹ ohun ńlá. Ẹni tí kò ní i, kó pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ìkejì ni àwọn àpótí kéékèèké olómọrí, ọ̀kan fún irú tókìn kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún ìrìn àjò, kò sí ohun tó lè dà nù níbẹ̀, bí iná bá sì ba ọ̀kan jẹ́, ọ̀kan náà lẹ pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ kà wọ́n: mẹ́fà fún ọjà, mẹ́ta fún ẹ̀bùn. Ọmọrí mẹ́sàn-án lẹ ó ṣí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tún da tókìn sílẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í to 5, 3, 3, 2. Fún tókìn ẹ̀bùn, n kò rí ohun tó dára jù ú: ẹ mi àpótí náà, ó ti dà rú bí òfin eré ṣe fẹ́. Fún tókìn ọjà, n kò gbà á.

Ìkẹta ni atẹ onílà, òun ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ihò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tókìn á dúró lórí etí wọn nínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n á sì fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìn díẹ̀. Èyí tó tóbi jù ló wà níwájú. Bí ẹ bá to wọn nígbà tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́ òní, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n á wà bí ẹ bá ṣí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ó gbé atẹ náà sáàárín tábìlì, ó sì ti di ìsọ̀.

Ó ní àléébù kan. Òfin eré fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa rí iye tókìn tó ṣẹ́kù, tókìn tó bá sì dúró sẹ́yìn èkejì kò ní hàn. Atẹ tí mo gbé dání yìí tún ìyẹn ṣe: ẹ wo ètè ihò aṣọ, ẹni tó yà á fi nọ́ńbà 5-3-3-2-2-1-1 hù sára ike. Ẹ fi èékánná yín rá a, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ó fi àwòrán ọjà kọ̀ọ̀kan hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ojú rẹ̀ kì í mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì náà á lè ta eré yìí láìbéèrè. Ẹni tó ṣe èyí ti jókòó ta Jaipur dáadáa kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Bí a ṣe ń wọn ihò rẹ̀ nìyí. Ká ní tókìn kan nípọn mílímítà 2. Dáyámọ́ńdì márùn-ún á jẹ́ 10, awọ mẹ́sàn-án á jẹ́ 18. Ẹ fi mílímítà kan tàbí méjì kún ìkọ̀ọ̀kan kí ìka lè ráàyè. Ẹ má ṣe gba ìwọ̀n tí mo sọ yìí bí ó ṣe rí. Kálípà ni kẹ́ ẹ fi wọn èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí àṣìṣe kékeré lára ọ̀kan á di ńlá lára mẹ́sàn-án. Ní ti ògiri, ẹnu ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ máa ń tú ike jáde ní fífẹ̀ mílímítà 0.4, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ògiri jẹ́ 0.8 tàbí 1.2. Èyí tó bá jẹ́ 0.8 á máa tẹ̀ bí ihò bá gùn, 1.2 ni mo fẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ máa ń fẹjú síta díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí atẹ bá kọ̀ láti wọ páálí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fún ọmọrí, àyè mílímítà 0.2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dára láti bẹ̀rẹ̀.

Àpù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ OpenSCAD ni mo dámọ̀ràn fún yíya irú nǹkan báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà lẹ ó sì máa kọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá yí ìnípọn tókìn padà lójú kan, gbogbo ihò á tún ara wọn ṣe. Ẹni tí kò tíì ya nǹkan rí lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Tinkercad.

Ìdájọ́ mi rèé: atẹ onílà fún ọjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àpótí kéékèèké mẹ́ta fún ẹ̀bùn, kòtò kan fún káàdì tó ní àbùjá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí àtàǹpàkò lè wọlé. Ẹ tẹ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ wá tò wọ́n sínú páálí. Bí ẹ kò bá tíì ní ẹ̀rọ, ẹ tẹ àwòrán àpótí sórí páálí ìwé tó nípọn níbi ìtẹ̀wé kan ní North Gate FUTA, kẹ́ ẹ ká a, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kò ní pẹ́ láyé bí ike, ṣùgbọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ìwọ̀n yín pé kẹ́ ẹ tó fi ike ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ike náà kù. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní PLA ló rọrùn jù láti tẹ̀. Ara ṣúgà inú àgbàdo, ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bí 60°C, ọkọ̀ tí ẹ gbé sí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ ti gíláàsì rẹ̀ pa sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti ń wakọ̀. Atẹ onílà á tẹ̀, ihò á pa pọ̀, tókìn kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́. Irú ike mìíràn, PETG, lè fara da ooru títí dé nǹkan bí 80°C. Ẹni tí eré rẹ̀ ń wà nínú ọkọ̀, PETG ni kó lò. Ẹ mọ̀ pé PETG kórìíra ọ̀rinrin. Lásìkò òjò, bí ẹ bá fi èyí tí ẹ kò tíì tẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì láìbò, á máa hun irun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò nígbà tí ẹ bá ń fi í tẹ atẹ. Inú ike olómọrí tó dé pinpin, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, ló yẹ kó máa sùn.

Bí irú ẹ̀rọ yìí ṣe dé inú ilé wa dùn mọ́ mi. Lọ́dún 1989 ni S. Scott Crump ní Amẹ́ríkà béèrè fún ẹ̀tọ́ àdáni lórí ọ̀nà tí a fi ń to ike yíyọ́ ní ìpele-ìpele. Lọ́dún 2005, Adrian Bowyer ní University of Bath dá RepRap sílẹ̀, ẹ̀rọ tó lè tẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀, ó sì fi àwòrán rẹ̀ tọrẹ fún gbogbo ayé. Ẹ̀tọ́ Crump parí lọ́dún 2009, ọdún tí Jaipur jáde gan-an, owó ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Nígbà ìbéèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá òun lè tẹ atẹ tí òun rí lórí Printables, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó àwòrán 3D sí, kí òun sì tà á. Mo ní kó ka ìwé àṣẹ tó wà lábẹ́ àwòrán náà. Bí ó bá rí NC nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó yà á kò fẹ́ kí wọ́n tà á. Kó kọ̀wé sí i kó tọrọ àyè, tàbí kó jókòó ya tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún tiwa.

Bàbá kan béèrè iye ike tó máa lọ sí i. Mo fi hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà pé àpù tí wọ́n ń pè ní slicer máa ń sọ iye gíráàmù àti wákàtí kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kílò kan ló sábà máa ń wà lórí kẹ̀kẹ́ ike kan. Bí atẹ bá wọn gíráàmù 100, mẹ́wàá ló máa jáde níbẹ̀.

Arábìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló béèrè èyí tí mo gbàgbọ́ pé ó wúlò jù: òun fẹ́ wọ ọ̀rá fún káàdì òun, ṣé atẹ ò ní fún? Á fún. Ọ̀rá ní ojú méjì, ẹ ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 55; káàdì á nípọn sí i gan-an, á sì tún fẹ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́. Kó kọ́kọ́ ra ọ̀rá, kó wọ̀ ọ́ fún gbogbo káàdì, kó to gbogbo rẹ̀ jọ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ni kó wá ya kòtò káàdì. Bí kòtò yẹn bá wá tóbi débi tí ihò tókìn ò fi rí àyè mọ́, kó da káàdì náà sí ọ̀nà méjì kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ràkúnmí pẹ̀lú awọ lápá kan, ọjà yòókù lápá kejì.