Ta Lẹ Máa Bá Jẹyán Lọ́jọ́ Kérésì?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ọyẹ́. Àwa tá a wà l'Ádó-Èkìtì níbí, ètè ti ń là, ẹsẹ̀ ti funfun bí ẹni tó rin inú ẹlùbọ́. Kérésì ti dé tán, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ò ní lè lọlé, owó ọkọ̀ ti gbẹ́nu sókè, àwọn míì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ilé yẹn gan-an ni ò rọgbọ, kò sẹ́ni tó ń retí wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mo torí yín ṣí Bíbélì láàárọ̀ yìí.

Sáàmù 68:6 ní Ọlọ́run a máa fi ẹni tó dá wà sínú ìdílé. Kò sọ pé ìdílé tí wọ́n bí i sí o. Ẹ tún ka Jòhánù 19:26 sí 27. Jésù wà lórí igi, pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn ó rántí màmá ẹ̀, ó fi í lé ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn náà ni ọmọ ẹ̀yìn yẹn ti mú Màríà lọ sílé ara ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Máàkù 6:3 dárúkọ àwọn arákùnrin Jésù o, ọ̀rẹ́ ló wá gbé màmá fún! Ọ̀rọ̀ yìí kì í sú mi.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Adó, yàrá kan ni mo gbà ní Bàsírí. Ọjọ́ Kérésì, mo ti se indómì, mo ti tilẹ̀kùn kí wọ́n má baà mọ̀ pé mo wà ńlé, ni ìyá Mùsùlùmí kan tá a jọ ń gbélé bá ń gbálẹ̀kùn gbàgbàgbà, ó ní "Ṣé ìwọ kọ́ lo lọ́dún ni? Jáde, odó ti wà nílẹ̀!" Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé gbé ẹ̀fọ́ wá, kọ́pà kan ra adìẹ, èmi tí mi ò ní nǹkan kan ni wọ́n gbọ́mọ odó fún. Ẹ sá mọ Èkìtì àti iyán, tèmi ní kókó, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Látìgbà yẹn, Iléyá, ilé ìyá yẹn ni, Kérésì, yàrá mi ni. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn yìí ló sùn tì mí lọ́sípítù.

Torí náà ẹ má jókòó máa retí ẹni tó máa pè yín, ẹ̀yin náà ẹ lọ gbálẹ̀kùn ẹlòmíì. (Tí màmá yín bá wà láyé, ẹ pè wọ́n o, mi ò ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rẹ́ rọ́pò wọn.)

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ fèèyàn sí mi láyìíká nílùú tí mi ò ti mọ ẹnì kan.

Olúwa, ẹni tẹ́ ẹ rán sí mi, ẹ má jẹ́ kí n ṣì í mọ̀ torí ẹ̀sìn ẹ̀ tàbí torí kò lówó.

Ẹ má jẹ́ kí n jẹ́ ọ̀rẹ́ ojúmọ́ tó ń sá tílẹ̀ bá ṣú.

Gbogbo ọ̀rẹ́ mi tó máa wọkọ̀ lásìkò yìí, wọn ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Tá a bá jókòó yí abọ́ ká, a ò ní ka ara wa kẹ́nì kan dín. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ó yá, ẹ pe ẹni tó sọ sí yín lọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á yẹn. Kẹ́ni tó lódó gbé e jáde o, èmi ò gúnyán lọ́dún yìí.